Ìwọ́ Ọmọ Mi ní Bahra

Nígbà tí a kọ́kọ́ kó dé Bahra, abúlé ni. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà níbi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù, ilé tí a háyà ló sì kángun sí àdúgbò. Láti fèrèsé ilé ìdáná mi, iyanrìn nìkan ni mò ń rí, àti ewúrẹ́, àti igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó dá dúró, tí wọ́n ń pè ní sídírì. Ọ̀nà tó ti Jẹ́dà lọ sí Mẹ́kà ń hó lọ́ọ̀ọ́kán, àmọ́ ọ̀dọ̀ wa dákẹ́ débi pé mo máa ń gbọ́ èémí ara mi.

Ibẹ̀ ni mo bí ọmọbìnrin mi sí. Ìyá ọkọ mi, Àlàájà, tó wá ṣe Hájì, ló dúró bá mi wẹ ọmọ. Nígbà tí ìwọ́ ọmọ já, ó fi òwú wé e, ó gbé e lọ sábẹ́ igi sídírì, ó sin ín bí wọ́n ṣe ń sin ín lẹ́yìnkùlé wọn ní Ìṣẹ́yìn, ó sì bomi lé e. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun ti fọwọ́ kan Káábà tán, síbẹ̀ Ìṣẹ́yìn ò kúrò lára rẹ̀. Àlàájà fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn náà mọ́lẹ̀. Èmi ló yíjú sí.

"Ilé ọmọ yìí rèé o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni walẹ̀ ibẹ̀."

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé tiwa ni. Àwa náà ò rántí pé ayálégbé ni wá.

Kò pẹ́ tí katakata fi dé. Wọ́n da kọ́ltà sórí iyanrìn, wọ́n ri òpó iná mọ́lẹ̀. Jẹ́dà ń nà bọ̀ lápá kan, Mẹ́kà ń nà bọ̀ lápá kejì. Onílé fẹ́ wólé rẹ̀, a bá kó lọ sí Rusaifa ní Mẹ́kà. Ọmọ ò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Rusaifa ló dàgbà sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá, Lárúbáwá ló fi ń fèsì.

Lọ́dún yìí, iṣẹ́ ọkọ mi parí, ìkámà, ìwé tí a fi ń gbélùú, ò sì ní pẹ́ parí. A gbọ́dọ̀ padà sílé. Àlàájà wá ṣe Úmúrà, ó ní a ò gbọdọ̀ lọ láìbu iyanrìn ibi ìwọ́ ọmọ dání.

"Bí a ò bá bù ú, ara rẹ̀ nìkan la máa gbé dé Ìṣẹ́yìn."

Mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rín. Ẹ̀rín ò wá.

A gbéra lẹ́yìn ìrun Àsárì. A sọ fún ọmọ pé a fẹ́ wo àdúgbò tí a gbé rí, a ò sọ nǹkan mìíràn. Nígbà tí a débẹ̀, mi ò dá ibẹ̀ mọ̀ mọ́. Ilé funfun lọ súà, géètì dúdú kan náà, ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Kò sí aṣọ lórí okùn, kò sí bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò tíì rí ẹni rà wọ́n. Iná òpópónà ń tàn fúnra rẹ̀ bí a ṣe ń kọjá. Ọkọ mi wakọ̀ yípo títí, ibi kan náà la ń bọ́ sí.

"Hina," ni ọmọ mi wí láti ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀, pé ibí ni.

Ó sọ̀kalẹ̀. Kò sáré, ó kàn ń rìn bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó ń padà bọ̀. Ó yà, ó tún yà, ó kúnlẹ̀ níwájú géètì kan, ó ní, "Ẹ kú ilé o."

Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo yọjú láti àlàfo géètì. Igi sídírì wa ló wà láàárín ọgbà, wọ́n to táìsì yí i ká. Ẹ̀rù bà mí.

Géètì wà ní títì. Ọmọ na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó bu iyanrìn jáde fún ìyá bàbá rẹ̀. Iyanrìn náà tutù rinrin, bẹ́ẹ̀ páìpù omi ilé náà ṣì wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọn ò tíì fà á wọlé. Àlàájà dì í sétí ìborùn rẹ̀, ó ta á ní kókó.

"Ó tán. Ilé rẹ ti ń bá wa lọ."

Ọmọ mi wo kókó náà, ó wo géètì. Yorùbá ló fi dáhùn, ketekete bí ọmọ Ìṣẹ́yìn.

"Kò sí níbẹ̀, Màmá. Ó ṣì wà lábẹ́ igi nínú ọgbà."

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé a ń wá nǹkan. Àlàájà di kókó yẹn mú títí a fi dé Rusaifa. Mo ṣílẹ̀kùn, gbogbo wa wọlé. Ọmọ mi dúró síta pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó ń retí kí a pè é wọlé bí àlejò.