Ọwọ́ Arlys tí "Kò Burú"

Bí ilé Arlys Tollefsrud bá ń jóná lọ́wọ́, tí o bá bi í pé báwo ni, "Kò burú" ni yóò sọ. Gbogbo àwa ará Duluth, ìlú olótùútù létí adágún ńlá kan ní Amẹ́ríkà, la máa ń dáhùn bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ adágún náà ti kọ́ wa láti má máa la ẹnu púpọ̀. Ṣùgbọ́n ti Arlys ti kọjá ìwà, ó ti di ẹ̀jẹ̀ fún un.

Òun ni ọ̀gá mi ní ilé ìwòsàn, ní ọ́fíìsì àwa tí a ń kọ kóòdù. A máa ń ka ohun tí dókítà kọ nípa aláìsàn, a ó sì sọ ọ́ di lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa ń lò. A kì í fi òye ara wa kún un. Bí dókítà bá kọ lókè pé aláìsàn ń gba oògùn jẹjẹrẹ, tó tún kọ nísàlẹ̀ pé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, àwa ò láṣẹ láti sọ pé oògùn ló ba iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ jẹ́. Ẹnu dókítà la ti gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Bí kò bá sọ, a ó fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí i: ṣé oògùn ni, ṣé àtọ̀gbẹ ni, ṣé nǹkan mìíràn ni, àbí kò ṣeé mọ̀? A ò gbọdọ̀ fi ìdáhùn sí i lẹ́nu, a ò sì gbọdọ̀ fo èyí tó ṣeé ṣe jù.

"Maren," ni Arlys máa ń wí fún mi, "ohun tí wọn ò bá kọ, kò ṣẹlẹ̀."

Èmi tí mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́, mo sọ ìbéèrè yìí di eré. Mo lẹ bébà mọ́ òdòdó ojú fèrèsé rẹ̀: "Ewé aláìsàn yìí ti ń pọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló fà á? Òùngbẹ ni, Arlys ni, nǹkan mìíràn ni, àbí kò ṣeé mọ̀?" Nígbà tí mo padà dé, ó ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Nǹkan mìíràn. Maren ń da kọfí tó ṣẹ́kù sí i." Òótọ́ ni.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ìfun ńlá rẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn sí i lára. Ọkọ rẹ̀ ti kú, nítorí náà èmi ni mò ń fi mọ́tò gbé e lọ gbé e bọ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ìbọ̀wọ́ ló ń wọ̀ kó tó mú mílíìkì nínú fìríìjì. Ó ń de bọ́tìnnì súwẹ́tà sínú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Ọ̀gá, ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Òtútù ni jàre. Ta ni ìka rẹ̀ kì í kú ní Duluth?"

Mo wo ìka tèmi náà, òun náà ti kú. Mo gbà á gbọ́.

Nínú oṣù kọkànlá, a péjọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì láti ṣe lefse, búrẹ́dì pòtétò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń ṣọdún Kérésì. Arlys ni ọba ibẹ̀. Igi pẹlẹbẹ gígùn ló fi ń yí lefse lórí irin gbígbóná, kì í sì í ya. Ooru mú títí awò ojú gbogbo àwọn ìyá fi ṣú. Ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa yìnyín lọ́wọ́, ló bá gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé etí irin náà. Ó sì fi í síbẹ̀.

"Ọ̀gá, ọwọ́ yín!" Mo já a kúrò.

Ó wo ìka rẹ̀ tó ti bó bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. "A dúpẹ́," ó ní, "lefse kọ́ ló jóná."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Kò sí òtútù kankan nínú yàrá yẹn.

Nínú mọ́tò, mo ní, "Ẹ sọ fún dókítà."

"Tí mo bá sọ, wọ́n á dín oògùn yẹn kù. Tí wọ́n bá dín in kù, jẹjẹrẹ ńkọ́?"

"Dókítà ò tíì bi yín ni?"

"Ó máa ń bi mí."

"Ẹ wá ní kí ni?"

Ó kọjú sí fèrèsé. Mo mọ ohun tó sọ, mo sì mọ ohun tí dókítà kọ. Nínú ìwé ilé ìwòsàn, ọwọ́ Arlys dá ṣáká. Àwa méjèèjì la ti ka ìwé àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó sọ: ẹni tí kò lè di ife mú mọ́, ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó lè gbé e. Iṣan tó bá ti kú tán kì í sábà jí. Ṣùgbọ́n ó mú mi búra pé mi ò ní fi ẹjọ́ òun sùn.

A dé iwájú Dókítà Brandvold. "Arlys, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Kò burú." Ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì wà lábẹ́ báàgì.

Mo ti búra lórí ẹjọ́. Ìbéèrè kì í ṣe ẹjọ́. Mo wú ikọ́. "Ẹ má bínú, Dókítà, ìbéèrè kan wá láti ọ́fíìsì wa. Aláìsàn gbé ọwọ́ lé irin gbígbóná, kò sì mọ̀. Kí aláìsàn jọ̀wọ́ ṣàlàyé: ṣé òtútù ni, ṣé lefse ni, ṣé ọ̀rọ̀ yìnyín ni, àbí kò ṣeé mọ̀?"

Arlys fi ojú gún mi bí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́ mi níṣẹ́, kò lè mú un mọ́ra. "Kí ni mo kọ́ ẹ, ọmọ yìí? Ìbéèrè yẹn ò pé. O fo èyí tó ṣeé ṣe jù."

"Èwo ni mo fò, Ọ̀gá?"

"Oògùn," ó ní. Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ló fa ọwọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ báàgì.

Dókítà gbé irin kékeré kan tó ń gbọ̀n lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ sọ fún mi tí ẹ bá mọ̀ ọ́n lára."

"Ẹ gbé e lé e ná," ni Arlys wí.

Irin náà ti wà níbẹ̀.

"Ọmọ Duluth lèmi náà," Dókítà wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ó yẹ kí n mọ̀ pé 'kò burú' kì í ṣe ìdáhùn." Ó ṣàlàyé pé oògùn kan ṣoṣo nínú wọn ló ń ṣe èyí, pé ó ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, àwọn máa yọ ọ́, àwọn á sì máa fi ìyókù bá jẹjẹrẹ náà jà. Arlys sunkún díẹ̀, ó nu ojú. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Dókítà, ẹ kọ ọ́ pé oògùn ló fà á o. Ẹ má kọ ọ̀kan lókè, kí ẹ kọ ìkejì sísàlẹ̀."

"Inú gbólóhùn kan náà ni màá kọ wọ́n sí," Dókítà fèsì.

Nígbà tí a tún ṣe lefse lọ́dún tó tẹ̀ lé e, jẹjẹrẹ kò tíì padà. Àtàǹpàkò ọwọ́ Arlys àti ìka tó tẹ̀ lé e ti ń jí. Méjì tó kángun ò tíì dá a lóhùn. Òun ló ń yí lefse, èmi ni mò ń sọ fún un bóyá irin ti gbóná. Pásítọ̀ ń kọjá lọ, ó ṣèèṣì bi í pé, "Arlys, báwo ni?"

Arlys gbé igi rẹ̀ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka kékeré, ó ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń ta, èyí tó kú, ó tún bọ́ sórí àtẹ́lẹsẹ̀. Pásítọ̀ dúró síbẹ̀ tòun ti kọfí tó ti tutù, kò mọ ibi tí yóò gbà kúrò, nítorí kò sẹ́ni tó tíì dá ìbéèrè yẹn lóhùn rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.