Àdúrà Òjò àti Gbodo Orí Àpáta

Ọdún tí wọ́n ri òpó iná mọ́lẹ̀ ládùúgbò wa, tí iná kò bá òpó wá, ọdún náà ni òjò fi wá sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé lè ka iye ọdún rẹ̀. Òpó ni èmi mọ̀. Ewúrẹ́ ló ń fara họ ọ́ títí dòní.

Bàbá àwọn ọmọ mi ti kọ ebè, ó ti gbin èbù iṣu sínú rẹ̀, èbù sì ń jóná lábẹ́ ilẹ̀. Bí òjò kò bá tètè rọ̀, a ò ní wa iṣu lọ́dún náà. Ni ìjọ wa bá kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo wa gun àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ tọrọ òjò.

Àpáta yẹn kan náà ni àwa obìnrin ìjọ ń sá gbodo sí. Bí iṣu èṣí bá ti ń hù nínú àká, a ó bó o, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, a ó sá a sóòrùn kó gbẹ fún èlùbọ́. Bí òjò bá pa á kó tó gbẹ, yóò bu, yóò rùn, ajá pàápàá yóò gbójú kúrò lára rẹ̀. Ẹ wá wo ọgbọ́n wa: kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kó tiẹ̀ nílẹ̀ kó tó wá tọrọ òjò. Èmi ti bá Ọlọ́run sọ tèmi ní kọ̀rọ̀ yàrá: "Baba, rọ òjò o. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí gbodo mi gbẹ ná. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni."

Wọ́n ní ká dijú. Ìyá Ìjọ ló ń gbàdúrà, bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀lẹ láti òkèèrè: "Baba, má jẹ́ ká kúrò lórí àpáta yìí kí òjò tó dé!" Àmín wa ń mi àpáta. Bí afẹ́fẹ́ tútù ṣe lù mí lọ́rùn nìyẹn. Mo la ojú kan. Òjò ti ṣú láti ìhà Àgọ́-Àmọ́dù, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Àṣé Ìyá Ìjọ náà ti la ojú kan. "Yéè! Gbodo mi!"

Kò sẹ́ni tó ṣe Àmín sí ìyẹn. Ó ká aṣọ sókè, ó sáré, gbogbo àwa obìnrin sì tẹ̀ lé e.

"Tèmi lẹ̀ ń kó yẹn o, Ìyá Ìbejì!"

"Ẹ kó tèmi náà, Ọlọ́run á yà á sọ́tọ̀!"

A ń kó o sínú gèlè, a ń kó o sínú ìró, gbogbo ẹnu sì ń wí pé, "Olúwa, dúró ná! Dúró díẹ̀!"

Afẹ́fẹ́ yí padà. Òjò gba ọ̀nà Ṣakí lọ. Ẹ̀kán omi kan kò bọ́.

Àlùfáà wa ṣì na ọwọ́ sókè láàárín àwọn ọkùnrin. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, kí ni kí n wí fún Ọlọ́run báyìí?"

Ìyá Ìjọ mí hẹlẹ. "Ẹ sọ fún un pé ẹni tó ń gbààwẹ̀ ṣì máa jẹun o, Àlùfáà."

Bàbá àwọn ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti lé òjò mi lọ," ló wí. Nígbà tí òjò wá dé lọ́jọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò gbàdúrà, èbù tó kú ju èyí tó yè lọ. Èlùbọ́ gbodo mi la jẹ lọ́dún náà. Òun náà jẹ ẹ́. Kò kí mi kú iṣẹ́.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi tó jẹ́ tíṣà ní Òtù wá ń ráhùn: "Ìyá, ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run kó gbé mi kúrò ní Òtù. Kò gbọ́."

Mo ní, "Búlọ́ọ̀kù wo ni wọ́n ní ò ń kó jọ níbẹ̀?"

Ó ní ilé lòun ń kọ́ síbẹ̀.

Mo sọ fún òun àtàwọn àbúrò rẹ̀ pé Ọlọ́run kì í ṣe adití. Àdúrà méjì ni mo rán sí i lọ́dún òpó iná, ó sì gbọ́ èyí tí mo fi ẹsẹ̀ sáré tẹ̀ lé. "Kó búlọ́ọ̀kù rẹ nílẹ̀ ná, ọmọ mi, kó o tó tún kúnlẹ̀."