Ebi Ikùn àti Ebi Ẹnu

Dókítà obìnrin tí wọ́n ní ká lọ rí mú ọwọ́ ọmọbìnrin mi, ó gbé e lé ikùn rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ebi méjì ló wà. Ebi ikùn máa ń kùn níbí yìí. Ebi ẹnu kì í kùn ní tiẹ̀, ṣe ló kàn máa ń pè ẹ́."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, ṣùgbọ́n aṣọ èmi ìyá rẹ̀ ti ń fún un lápá, wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru fún wa nílé ìwòsàn. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wa l'Ókokomaiko, ìdajì ọ̀nà ló ti máa ń jókòó kó lè mí.

Dókítà ní òun ò ní fún wa lóògùn. Bí ó ṣe ń jẹun ni a máa tún kọ́. Kó tó jẹun, kó gbọ́wọ́ lé ikùn, kó béèrè ebi tó jẹ́. Tó bá ti fi òkèlè kan sẹ́nu, kó sinmi kó tó mú òmíràn. A ò gbọdọ̀ tan tẹlifíṣọ̀n nídìí oúnjẹ. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ká gbé oúnjẹ tó fẹ́ràn jù síwájú rẹ̀, kó máa wò ó, kó máa gbọ́ òórùn rẹ̀, kó má sì jẹ ẹ́.

"Á wù ú gan-an, Mọ́mì," dókítà sọ fún mi. "Lẹ́yìn náà á rọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i pé ó máa ń rọlẹ̀."

Nígbà tí a bọ́ọ́lẹ̀ ní Ìyànà Ìbà lọ́jọ́ náà, òórùn ẹran súyà gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì. Ọmọ mi dúró, ó gbọ́wọ́ lé ikùn. "Mọ́mì, ebi ẹnu ni," ó wí, a sì kọjá lọ. Inú mi dùn bí ẹni pé a ti ṣe é tán.

Lọ́jọ́ Sunday, mo dín dòdò tó fẹ́ràn jù, mo bu díẹ̀ sínú àwo kékeré, a jókòó kojú ara wa lórí ẹní.

"Báwo ló ṣe ń wù ẹ́ tó?"

"Gan-an."

A dúró. "Nísinsìnyí ńkọ́?"

"Gan-an, Mọ́mì." Òógùn ti yọ sí i nímú. Ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan. "Ẹ ní ó máa rọlẹ̀."

"Ó máa rọlẹ̀."

"Ìgbà wo?"

Ibẹ̀ la wà tí ìyá ọkọ mi, tó ń gbé pẹ̀lú wa, fi jáde láti yàrá.

"Ẹ̀ ń fi oúnjẹ fín ọmọ níràn? Ní Ìṣẹ́yìn tiwa, ọmọ tó bá ń jẹun, ọpẹ́ là ń dá lórí ẹ̀."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ló ní—"

"Dókítà ló bí i ni?"

Wọ́n gbé àwo náà lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà kọ́kọ́ wojú mi. Mo gbójú kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. N kò lè bínú sí màmá. Wọ́n ti gbé ọmọ tó rù kan egungun lọ́wọ́ rí, ọmọ náà sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí ni mo fẹ́ wí fún ẹni tó ti rí ìyẹn?

Nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì dé, ọmọ mi ní òun máa gbà á. Dókítà ní ara rẹ̀ kò tíì tó o, kó máa ṣínu lọ́sàn-án. A sọ fún un, ó gbé oúnjẹ tí mo dì fún un lọ sílé ìwé, ó sì gbé e padà wálé bẹ́ẹ̀. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó mu omi, ó kọ̀. Ó jókòó tì mí níbi tí mo ti ń dín àkàrà, kò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Mo ní, àṣé ọmọ yìí lè ṣe é!

Ládàánì pe ìrun. Ó jẹ dàbínù, ó mumi, ó kọjú sí àkàrà. Mo rán an létí pé kó gbọ́wọ́ lé ikùn.

"Ebi wo ni?"

"Gbogbo ẹ̀," ó wí, kò gbójú sókè.

Ó jẹ ẹ́ títí tó fi bì. Nígbà tí mo ń fọ ojú rẹ̀ nílé ìwẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, kí n má jẹ rárá, ó rọrùn. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ni mi ò kì í rí ibi tí màá ti dúró."

Bàbá rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Àlàbá tó ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe dé, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì. Mo gbà á, mo fi nu ojú ọmọ.

Mo ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún dókítà. Ó ní, "Àgbàlagbà mìíràn ò lè sọ ohun tó sọ yẹn. Ẹ máa bá a lọ."

"Kí la ó máa bá lọ, Dókítà?"

"Ẹ ṣáà máa dúró tì í. Ó máa ń pẹ́ ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, síìpù aṣọ tí a rán fún un kò pàdé. Mo fà á, bàbá rẹ̀ fà á. Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí, òun ló wá ń tù mí nínú. "Ẹ fún mi ní híjáàbù yín tó gùn yẹn. Kò sẹ́ni tó máa rí i." Ó wọ̀ ọ́ lé ẹ̀yìn aṣọ tó là sílẹ̀, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, wọ́n lọ kírun.

Ó ku èmi àti ìyá ọkọ mi nídìí ìkòkò ìrẹsì. Wọ́n mú àwo ọmọ náà, wọ́n nà án sí mi, ohùn wọn sì rẹlẹ̀.

"Ìyàwó mi, báwo ni kó ṣe pọ̀ tó?"

Mo ti ki ṣíbí bọ inú ìrẹsì. Mo wo ojú wọn, mo sì wo àwo náà.