Ẹ̀ṣẹ́ Òsì Tó Ba Àlejò Lẹ́nu

Ìwà òmùgọ̀ tí mo hù kò ṣeé fi pamọ́, nítorí pé ojú èèyàn méje ló ṣe. Mo fi ọwọ́ òsì kan ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu. A ò jà o. Kò tilẹ̀ tíì kí wa tán.

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan wà ní àdúgbò wa ní Ìgándò, níbi tí àwa àgbàlagbà tí irun ti ń tán lórí wa máa ń jókòó sí lọ́sàn-án Sátidé. Bọ́ọ̀dù funfun kan wà lára ògiri. Orí ẹ̀ la ti ń to àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ńláńlá tí ayé ń wò lónìí, àwọn hẹ́fíwéètì, láti ẹni kìíní dé ẹni karùn-ún. A kì í pe orúkọ tí òbí sọ wọ́n, orúkọ tí àwa sọ wọ́n là ń pè. Ọ̀kan ga fíofío, a ń pè é ní Òpó Iná. Èyí tí èmi fẹ́ràn, ọwọ́ òsì ló fi ń jà, Ọlọ́wọ́ Òsì ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ sún èèyàn sókè lórí bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ dìde, kó fi ara ẹ̀ ṣe bí onítọ̀hún ṣe ń jà, kí gbogbo ilé wá dìbò. Tí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bá kúrò kí ìbò tó parí, ọ̀rọ̀ náà kú nìyẹn.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ará Èkìtì, ló máa ń ta kò mí. Òpó Iná ni tiẹ̀.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," ló wí lọ́jọ́ náà. "Ẹ wá fẹ́ ká fi ọlọ́wọ́ òsì ṣe olórí gbogbo wọn. Kò bójú mu."

"Tíṣà, ṣé ilé bàbá yín ló fẹ́ júwe ni? Èèyàn ló fẹ́ lù!"

"Òpó Iná á ti na ọwọ́ bà á kó tó sún mọ́ ọn, jàre."

"Ṣebí wọ́n ti lu Òpó Iná ṣubú rí!"

"Ó dìde ńkọ́? Àbí iná ti lọ nílé yín kó tó dìde ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi. Mo bọ́ fìlà, mo dìde. Kò sáyè nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ni mo bá kọjú sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ta kọ́tìnì sí.

"Ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń jù fìrìfìrì níwájú yín," ni mo wí, mo sì ń jù ú. "Ojú yín á máa bá a lọ. Òsì wà nísàlẹ̀ níbí, ẹnikẹ́ni ò kí i. Tó bá wá yá…"

Ìgbà tí mo ju òsì ni kọ́tìnì ṣí. Ọkùnrin náà ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó lè wọlé, bí ẹnu ẹ̀ ṣe bọ́ sójú ọ̀nà ẹ̀ṣẹ́ mi nìyẹn. Kápẹ́ńtà ni mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fi ọwọ́ yìí lu ìṣó. Ètè ẹ̀ là. Ó fọwọ́ kàn án, ó wo ẹ̀jẹ̀, ó wò mí, ó wo bọ́ọ̀dù. Ó yí padà, ó jáde. Ká ní ó bú mi ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀.

"Bàámi," onígbàjámọ̀ wí, "ṣé ẹ mọ ẹni yẹn? Alábàárù ni, lọ́jà Shasha. Àpò ìrẹsì méjì ló máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà, á tún máa súfèé."

"Òsì lẹ sì fi gbá a," tíṣà fi kún un jẹ́jẹ́. "Tó bá jẹ́ ọ̀tún ni, èèyàn ì bá lè bá yín bẹ̀ ẹ́."

Mo mú fìlà mi. Mo ní mo gbé gọ́ọ̀mù tí mo fi ń lẹ pákó kaná, mo bá tèmi lọ.

Láti ọjọ́ Àìkú ni mi ò ti gba ojú títì mọ́. Ẹ̀yìn ilé onílé ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́, mò ń fo gọ́tà bí ọmọdé. Tí ẹni gíga bá dí ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òòlù á bọ́ lọ́wọ́ mi. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n mo bẹ aládùúgbò mi pé kó dárúkọ mi nínú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn pẹ̀lú. Mi ò mọ ibi tí wọ́n á ti kọ́kọ́ gbọ́.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, onígbàjámọ̀ pè mí lórí fóònù.

"Bàámi, ó ti wá béèrè yín o. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó fẹ́ mọ ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́."

"Kí lo wí fún un?"

"Mo ní mi ò mọ̀."

"Ọlọ́run á bù kún ẹ."

"Àmín. Ṣùgbọ́n tíṣà ti júwe ẹ̀ fún un."

"Ọwọ́ wo ló fi júwe?"

"Ọ̀tún ni, bàámi."

Lọ́jọ́bọ, mò ń parí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ oníbàárà kan nígbà tí mo gbójú sókè. Mo rí orí kan níwájú, níbi táwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sí, tó ga ju gbogbo orí yòókù lọ. Ètè ẹ̀ ti wú. Mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Mo kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo fa ilẹ̀kùn, ìkọ́ ẹ̀ sì há níta. Èmi tí mo kàn án ni mi ò lè ṣí i. Eruku pákó ń rìn mí nímú, mo fi fìlà dí i.

Ìyàwó mi, tó ń ta mínírà níwájú ibẹ̀, ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀.

"Omi tútù àbí mínírà, ọmọ mi?"

"Rárá mà. Bàbá kápẹ́ńtà ni mò ń wá."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

Kí ni wọ́n ṣe! Obìnrin tí mo ti rò ó fún látòkèdélẹ̀!

"Wọ́n gbá mi lẹ́nu ní Sátidé, mà."

"Ó mà ṣe o. Ṣé o wá gbẹ̀san ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ kálímà ṣàhádà nínú òkùnkùn. Mi ò rántí bó ṣe parí.

"Ẹ̀san kẹ̀? Ìbò ni mo wá torí ẹ̀, mà. Ọlọ́wọ́ Òsì yẹn lèmi náà ń tì lẹ́yìn. Tíṣà ní torí pé bàbá sá lọ, ọ̀rọ̀ ti kú, Òpó Iná ló ṣì wà lókè. Ó ń dùn mí ju ẹnu lọ. Wọn ò sí níbí ni?"

"Wọ́n wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Bá mi ṣí i, ọwọ́ mi tutù."

Ó ṣí i. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán sà. Ṣé ẹ máa wá ní Sátidé?" Mo ní màá wá. Ẹni tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kì í jiyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò tíì tán. Mo rò ó pé bóyá ṣe ló fẹ́ kí ẹ̀san tiẹ̀ náà ṣojú èèyàn méje yẹn. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé, mo ká kọ́tìnì sókè pátápátá, mo sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹni tó sá ti dé," tíṣà wí. "Ó yá, ẹ dìde, ẹ fi hàn wá lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo dìde. Ọwọ́ mi méjèèjì ò kúrò nínú àpò. Mo gbìyànjú, wọ́n kọ̀.

"Tí kò bá lè fi hàn, ọ̀rọ̀ kú," tíṣà wí.

Alábàárù, tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, dìde, ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó lọ tẹrí ba síwájú tíṣà, ó fi ètè ẹ̀ hàn án. Ọ̀rọ̀ tó sọ ló jẹ́ kí onígbàjámọ̀ mú aṣọ nu Òpó Iná kúrò lókè bọ́ọ̀dù láìdúró de ìbò:

"Ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá ni mò ń wò bí mo ṣe ń wọlé. Òsì yẹn, títí dòní, mi ò tíì rí i."