Àmín Tí A Fi Ń Dìbò

Ó ti di ọdún kọkànlá tí mo ń ṣe alága ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa ní Mówè nígbà tí ọmọbìnrin kan láti yunifásítì wá bá mi níwájú ilé. Ó kúnlẹ̀, ó ní àwọn ń wádìí bóyá ara ìjọba tiwa-n-tiwa le. Mo bi í bóyá ó mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru dání. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìbéèrè làwọn fi ń wọ̀n ọ́n: kí n sáà fún un ní máàkì, láti orí oókan dé orí ẹẹ́wàá.

Ìwé mẹ́ta ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ máàkì í fúnni. Mo fún ti orílẹ̀-èdè ní méjì. Ó ní ti àdúgbò wa ńkọ́? Mo ní mẹ́sàn-án. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n pè é ní mẹ́wàá.

Ó béèrè bí a ṣe ń yan alága. Mo ṣàlàyé fún un pé lọ́dọọdún, lẹ́mọ́mù tó wà láàárín wa á gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí alága wa pẹ́ lórí àga, gbogbo ilé á ní àmín, akọ̀wé á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n dìbò yàn mí. Àmín èṣí le débi pé ìbẹ́pẹ mẹ́ta já lẹ́yìnkùlé mi, ọkọ̀ tó ń sáré lọ Ìbàdàn sì dúró lójijì lórí títì kí èrò inú rẹ̀ lè bá wa ṣe é.

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àfi ti ọkọ̀. Ó wá ní, "Bàbá, ẹni tí ò bá fẹ́ yín ńkọ́? Kí ló máa ń ṣe sí àdúrà yẹn?"

Mo ní ta ló máa kọ àdúrà ní gbangba?

Ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mo fẹ́ mọ̀. Nípàdé tó tẹ̀lé e, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ mi tò sẹ́yìn mi, kí ẹni tó bá fẹ́ igbákejì mi, ìyá kan tó ń ta síméǹtì, tò sẹ́yìn tirẹ̀. Mo kọjú síwájú, mi ò wẹ̀yìn. Nígbà tí mo máa yíjú padà, lẹ́mọ́mù nìkan ni mo rí; òun náà ní òòrùn lòun sá fún wá síbòji mi. Ìyàwó mi ló ṣíwájú ìlà kejì.

"Baálé mi, ẹ má bínú," ló wí. "Gbogbo àmín tí mo ti ń ṣe láti ọdún wọ̀nyí wá, ìsinmi yín ni mo fi ń tọrọ."

Lọ́jọ́ kejì, mo pe ọmọ yunifásítì náà lórí fóònù. Mo ní kó pa mẹ́sàn-án yẹn rẹ́, irọ́ ni, bíi ti ọkọ̀ Ìbàdàn. Kó kọ mẹ́fà.

Ó ní kí ló dé tí kò ju mẹ́fà lọ?

Mo ní ara ìjọba tiwa-n-tiwa àdúgbò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá ni. Bí mo bá du àga náà mọ́ ìyá tó ń ta síméǹtì lọ́wọ́ lọ́dún tó ń bọ̀ tí mo sì wọlé, kó sọ ọ́ di mẹ́wàá.