Omi Orí Ẹ̀jẹ̀

Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ̀gá mi ní Ẹ-Tún-Un-Fà. Wọn ò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀ o, torí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn wa, mẹ́fà nínú rẹ̀ sì ṣojú mi. Bí ẹ̀rọ bá ti yí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò, tí ẹ̀jẹ̀ lọ sísàlẹ̀, omi tó kù lókè gbọ́dọ̀ mọ́ bí òróró. Bó bá pupa, a jẹ́ pé ẹni tó fà á fi agbára fà á, ẹ̀jẹ̀ ti fọ́ lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ọ̀gá mi á kọ ọ́ sí i lára pé, "Ó ti bàjẹ́, ẹ tún un fà." Òfin iṣẹ́ wa ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan wá. Ikọ́ ló gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì ti gún un ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò lánàá. Omi orí ẹ̀jẹ̀ náà pupa. Ọ̀gá mi pòṣé, ó dá a padà. Èkejì dé, ó tún pupa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Inú bí nọ́ọ̀sì tó gbé e wá.

"Màmá, jẹ́jẹ́ ni mo fà á, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ ọwọ́. Kí lẹ tún fẹ́ kí n ṣe?"

Mo rò pé ọ̀gá mi á fún un lésì tó gbóná. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó mú abẹ́rẹ́ tuntun, ó ní kí n tẹ̀ lé òun.

Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà funfun bíi tákàdá. Ìtọ̀ díẹ̀ tó wà nínú àpò ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dúdú bíi kọfí. Ọ̀gá mi fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ìgò, ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe tèmi."

A padà, ẹ̀rọ yí i, ó dúró. Omi náà pọ́n fòò.

Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ yìí. Inú iṣan ọmọ náà gan-an ló ti ń fọ́, bó ṣe dùbúlẹ̀ tó ń wò wá yẹn.

"Kò bàjẹ́," ọ̀gá mi ní. "Bó ṣe rí nínú rẹ̀ nìyí." Ló bá ki eré mọ́lẹ̀. Mi ò rí i kó sáré rí.

Nọ́ọ̀sì ti gbé abẹ́rẹ́ apakòkòrò ẹlẹ́ẹ̀kejì dání nígbà tá a débẹ̀.

"Má gún un!"

"Màmá, ó ti gba èyí lóṣù tó kọjá, kò ṣe é ní nǹkan kan."

"Ìgbà yẹn ni ara rẹ̀ dá a mọ̀. Ó ti wá ń bá a jà báyìí, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló sì ń pa."

Ó di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú títí dókítà fi dé, tó sì dá abẹ́rẹ́ náà dúró. Síbẹ̀, kíndìnrín ọmọ náà daṣẹ́ sílẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni ẹ̀rọ fi bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ kejìlá, ó tọ̀, ìtọ̀ tó mọ́, gbogbo wọ́ọ̀dù sì pàtẹ́wọ́ fún ìtọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún.

Ìyá ọmọ náà wá dúpẹ́ ní yàrá wa. Ó kúnlẹ̀, ó di ọ̀gá mi lẹ́sẹ̀ mú.

"Ta ló kọ́ yín nírú nǹkan báyìí, Màmá?"

"Ọmọ ọdún márùn-ún kan ni."

Mo mọ ọmọ tó ń wí. Ó ti tó ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta la dá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà, èmi ni mo sì kọ ọ́ sára ọ̀kan nínú rẹ̀ pé ó ti bàjẹ́. Ìgbà kẹrin, ọwọ́ òfo ni nọ́ọ̀sì gbé wá, ọmọ náà ò sí mọ́.

Ìyá ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó nu ojú rẹ̀ nù. "Ọlọ́run á dá a sí fáwọn òbí rẹ̀. Ẹ bá mi kí i o."

"Màá jíṣẹ́," ọ̀gá mi ní.