Ìpè Ẹ̀yìn Lọ́jà Chennai

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Woolwich mọ̀ pé n kì í wẹ̀yìn. Bí mo bá ń lọ ní Powis Street, tí ẹnì kan bá pe "Auntie" lẹ́yìn mi, ńṣe ni mo máa mú ẹsẹ̀ le. Obìnrin tó ń ta iṣu àti ẹ̀wà olóyin nítòsí ibùdó bọ́ọ̀sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u.

"Auntie onígbéraga," ó pè mí lọ́jọ́ kan, "agboòrùn yín lẹ gbàgbé o. Bí ẹ ò bá wẹ̀yìn, èmi lòjò ò ní pa."

N ò wẹ̀yìn. Òjò pa mí dé Thamesmead.

Kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ̀rù ni, ìyá mi ló sì gbìn ín sí mi lára. Aránṣọ ni ìyá mi. Bí ó bá ń mú mi lọ ra òwú àti bọ́tìnì lọ́jà, á so owó mọ́ etí ìró rẹ̀, á fi kókó náà há ìbàdí, á wá kìlọ̀ fún mi pé, "A kì í jẹ́ ìpè ọjà. Bí o ò bá rí ẹnu tó pè ọ́, má dáhùn." Ó ní ọ̀sán gangan ló burú jù, torí ìgbà náà ni àwọn tí kì í ṣe ènìyàn máa ń wá ná tiwọn. Obìnrin kan ní àdúgbò wọn gbọ́ ìpè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì dáhùn ẹ̀kẹta, "Hòo." Ohùn rẹ̀ bá ìpè náà lọ. Títí ó fi kú, kò tún rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí. Mo ti lé ní àádọ́ta báyìí. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ìwé ti fò lọ, ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kò fò lọ.

Mo ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, iṣẹ́ tó gbé mi wá sí ìlú yìí nìyẹn. Ọdún tí wọ́n tún físà mi ṣe, mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé màá ṣe iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò ní sanwó rẹ̀ fún mi. Ìjọ wa ní Plumstead a máa rán ènìyàn díẹ̀ lọ sí Chennai, ní Íńdíà, láti lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì nílé ìwòsàn ojú kan tó wà fún àwọn aláìní. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ mi. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, lọ dúró lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Abbey Wood. Àwa méjì péré la wà nílé.

"Mum, o máa padà ní Saturday, àbí?" Àwọn ọmọ ibí kì í rántí "ẹ" mọ́.

"Màá padà."

"Promise?"

"Mo ní màá padà."

Nígbà tí a dé ibẹ̀, olórí ẹgbẹ́ wa, nọ́ọ̀sì kan tó jù mí lọ, fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù gbogbo wa kó lè tì wọ́n mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù nílé tí a dé sí. Mo ní kí ó má ṣèyọnu, mo ti tọ́jú tèmi. Ó kó ti àwọn yòókù lọ. Ẹni tí kò bá tíì dúró de ìwé ìgbélùú rí kò lè mọ̀ ọ́n. Ìwé kékeré aláwọ̀ ewé yẹn lèmi. Bí ó bá wà lára mi, mo wà. Bí kò bá sí lára mi, n ò mọ ẹni tí mo jẹ́ lójú ọlọ́pàá. Mo so ó mọ́ etí ìró mi bí ìyá mi ti ń so owó, mo fi há ìbàdí. Bí mo bá ń sùn, ó ń gún mi ní ẹ̀gbẹ́, inú mi sì ń dùn pé ó ń gún mi.

Nílé ìwòsàn náà, ẹ̀rù ò bà mí púpọ̀. Àwọn arúgbó tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lójú ni mo ń fà lọ́wọ́ lọ fà lọ́wọ́ bọ̀, tí mo ń kán òògùn sí wọn lójú. "Auntie, Auntie," bẹ́ẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń pè mí láti àárọ̀ dalẹ́, bíi pé Woolwich ni mo wà. Mo ń dáhùn. Ẹni tó ń pè mí wà níwájú mi, mo ń rí ẹnu rẹ̀.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a máa padà, wọ́n ní kí a sinmi. Mo fẹ́ ra ẹ̀gbà ọwọ́ fún ọmọ mi, mo sì dá lọ sí ọjà. Olórí ẹgbẹ́ wa ní, "Sister, ẹ má lọ jìnnà o." Mo ní ẹni tó ti gbé Mushin rí, ọjà wo ló kù tó lè bà á lẹ́rù?

Ẹnu mi ló pọ̀. Láti sọdá títì nìkan, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi dúró. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń bọ̀ lọ́tùn-ún, alùpùpù ń bọ̀ lósì, màlúù kan dùbúlẹ̀ sáàárín wọn bí baálé ilé, kò sì sẹ́ni tó ń dúró de ẹnì kankan. Arúgbó obìnrin kan ni mo rápálá tẹ̀ lé sọdá, mo fi í ṣe ògiri. Nínú ọjà gan-an, èrò pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ mi ò sí lọ́wọ́ mi mọ́, ibi tí wọ́n bá tì mí sí ni mò ń lọ. Ohun tó wá bà mí lẹ́rù jù ni ojú àwọn ènìyàn. Ọ̀pọ̀ wọn dúdú bí tèmi. Màá rí obìnrin kan lókèèrè, màá ní ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, á ti di àjèjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀ rìn.

Mo rí obìnrin kan tó ń ta ẹ̀gbà ọwọ́ àti òdòdó funfun tí wọ́n ń sín sórí òwú fún irun. Ó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Mo lóṣòó, mo wọn ẹ̀gbà wò, mo rà á, ó so òdòdó mọ́ mi nírun láìgba nǹkan kan lé e. Mo dìde, mo tú ìró mi, mo tún un ró bí obìnrin ti máa ń ṣe láìronú, mo bá tèmi lọ. Oòrùn wà ní àtàrí gan-an.

N ò tíì rìn jìnnà tí mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi.

"Auntie!"

Ara mi tutù nínú oòrùn yẹn. N ò mọ ẹnì kan níbẹ̀. Mo mú ẹsẹ̀ le.

"Auntie!"

Ó ti sún mọ́ mi. Mo yà sí ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n ń sá aṣọ sí, àwọn aṣọ náà ń gbá mi lójú. Mo ń sáré. Èmi, pẹ̀lú orúnkún mi yìí.

"Auntie!"

Ẹ̀kẹta nìyẹn. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu kí "hòo" má baà já lọ. Mo sáré títí ilẹ̀kùn kan tí wọ́n tì fi dí mi lọ́nà. Mo fẹ̀yìn tì í. Ohùn náà ti dákẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi, mo sì fọwọ́ kan ìbàdí.

Kókó ti tú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ̀rù tó ti ń bà mí tẹ́lẹ̀, eré ọmọdé ni. Èyí wọ inú egungun. Ọ̀la ni ọkọ̀ òfurufú wa. Wọ́n máa lọ, màá kù síbí, n ò sì mọ iye oṣù tí ìwé mìíràn máa gbà. Mo rí ọmọ mi níwájú fèrèsé ní Abbey Wood, tó ń ka bọ́ọ̀sì. Mo ní màá padà. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé èyí tí mo sá fún lè jẹ́ ẹni tó mú ìwé náà lọ́wọ́, àti pé mo ti sá mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo padà. Gbogbo ọ̀nà jọra. Mo bi ọkùnrin kan, ó mi orí sọ́tùn-ún sósì, n ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Òórùn òdòdó irun mi ni mo ní kí n máa fi wá obìnrin tó ta ẹ̀gbà fún mi, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin tí kò fi irú rẹ̀ sírun. Ó wá ku ọ̀nà kan. Kí n pè é. N ò mọ orúkọ rẹ̀, n ò rí i, ọ̀sán gangan ni, láàárín ọjà. Ohun tí wọ́n ní kí n máa sá fún láti kékeré, èmi ni mo fẹ́ dà á.

Ẹnu mi wúwo. Ohùn tó kọ́kọ́ jáde, etí tèmi nìkan ló gbọ́ ọ. Mo tún pè.

"Auntie! Auntie!"

Àwọn obìnrin tó yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà á tó ogún. Ẹlẹ́ja yíjú, aláṣọ yíjú, arúgbó kan tó ń jẹun yíjú. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n bá lẹ́nu ọ̀ràn. Lẹ́yìn gbogbo wọn, ọwọ́ kan nà sókè, ẹ̀gbà kún un dé ìgbọ̀nwọ́, ìwé aláwọ̀ ewé sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Obìnrin olódòdó yẹn ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó o. "Mo pe Auntie, Auntie ń sáré. Mo tún pè, Auntie ń sáré sí i. Èmi ni olè ni?" Ẹni tó jókòó tì í sọ nǹkan kan ní èdè wọn, gbogbo ìlà náà rẹ́rìn-ín. N ò bi wọ́n pé kí ni.

Mo kúnlẹ̀ láti dúpẹ́. Ó yára fà mí dìde, ó ń wò yíká. Ẹ̀rù wá ń ba òun náà, pé àgbà ń kúnlẹ̀ fún un. Ó gba etí ìró mi, ó dì í mọ́ èèpo ẹ̀yìn pásípọ́ọ̀tù náà, ó sì fi òwú òdòdó wé e yípo yípo, ó ta á ní kókó méjì. "Má tú u kí o tó délé," ó wí.

N ò tú u. Nígbà tí wọ́n ní kí n mú un wá ní pápákọ̀ òfurufú, etí ìró ni mo nà sí wọn, wọ́n sì ṣí ìwé náà wò pẹ̀lú òwú lára rẹ̀. Ọmọ mi ló fi àlùmọ́gàjí gé e ní kíṣìnnì wa ní Thamesmead.

Lọ́jọ́ Àìkú mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìbéèrè ló fi dá mi lóhùn.

"Ẹni tó pè ọ́ lẹ́yìn yẹn, ṣé o dá a lóhùn?"

"Rárá, mà."

"O ṣeun. Ìgbà tí ìwọ náà wá pè é, tí kò rí ẹnu rẹ, ṣé òun dáhùn?"

"Ó dáhùn, mà."

Ìyá mi mí kanlẹ̀. "A jẹ́ pé wọn ò kọ́ òun nílé," ó ní. "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."